Ọ̀dà Ọkọ̀ Tí Mo Fi Kun Mọ́tò Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ìyàwó mi ń ti Ìbàdàn bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò rẹ̀ sì ti dúdú. Èmi ni mo sọ ọ́ di dúdú. Gíríìnì ló fi í sílẹ̀ fún mi, gíríìnì ló sì ní kí n jẹ́ kó wà... Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó nìkan. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa ní Yaba, torí ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ọ tán, ibi tí kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ibẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó ni mọ́tò náà. Owó ara rẹ̀ ni ìyàwó mi fi rà á ní Ijora, nígbà tí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé e kúrò nínú ọgbà. Ẹja ló fi ń kó láti etí ọ̀sà ní Ìwáyà lọ sí Mushin láràárọ̀, èmi ni mo sì ń wà á fún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kó tó ra mọ́tò yẹn, Ìyàwó Akọ̀ròyìn ni wọ́n ń pè é lọ́jà, torí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tó ti rà á, Ìyá Gíríìnì ni. Tí gíríìnì yẹn bá ti yọ lókèèrè báyìí, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti gbé abọ́ wọn dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ tèmi gan-an ò sì kàn wọ́n mọ́. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bó ṣe ń sọ lọ. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí omi ẹja ń ṣe fún irin. Ó ń kán sílẹ̀ látinú agbọ̀n, ó ń wọ abẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà á wú, á ṣí bí èèpo, ìpáàrà á ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo máa ń fá a pẹ̀lú béébà oníyanrìn, tí mo máa ń kun ún ní gíríìnì tó ń dán, tí òjò mélòó kan á rọ̀, tí mo máa tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ti kọ̀. Eruku ìpáàrà yẹn ti wọ̀ mí láyà. Ìyàwó mi ní tí a bá ń fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ kò ní bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn tó ti ibi iṣẹ́ dé? Èmi náà kọ́ ni?

Nígbà tí ọmọ wa Dúpẹ́ bímọ ní Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ wẹ ọmọ, ó ní kí n kun mọ́tò náà kí òun tó dé. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí mo máa wá nǹkan tó máa pẹ́ lára rẹ̀. Ó ní kí n wá ohun tó bá wù mí, kó ṣáà má kúrò ní gíríìnì. Ẹ fi etí sí ìyẹn dáadáa, torí mo gbọ́ ọ.

Mo lọ bá Làmídì, ẹni tó ń kun mọ́tò ní Ìdí-Òro, mo sì bi í ní ìbéèrè bí mo ṣe ń bi èèyàn níbi iṣẹ́ mi. Ó ní, “Bùọ̀dá, ọ̀dà tó bá ń dán, ojú ló wà fún. Kò mọ ẹja rí.” Mo bi í nípa ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun wágọ́ọ̀nù rélùwéè. Ó ní ìyẹn máa ń pẹ́, àmọ́ tó bá gbẹ tán á máa ràn mọ́ aṣọ bí osùn. Mo bi í nípa èyí tó dà bí fàdákà, tí wọ́n ń fi kun táńkì omi. Ó wo mọ́tò, ó wo agbọ̀n ẹja tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Èyí á dáa o. Ẹja inú agolo. Wọ́n á ní sadíìnì lẹ gbé wá.” Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé láì rí ohun tí mo wá.

Ní Ìwáyà ni mo ti rí i. Bàbá kan wà níbẹ̀, Ègùn ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kan ọkọ̀ ojú omi. Mo fi ìdí mọ́tò tó ti dípẹtà hàn án, mo ní kí lẹ máa ń fi sára tiyín tí omi iyọ̀ kì í fi jẹ ẹ́. Ó ní, “Ọ̀dà ọkọ̀ ni. Ẹ yọ́ ọ lórí iná, ẹ fi àkísà kùn ún, ó tán.” Ó tún nawọ́ sí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn, dúdú ni látìdí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lókè jẹ́ pupa àti funfun. Ó ní, “Inú àti ìdí ni mo wí o. Ẹ fi ojú ẹ̀ sílẹ̀. Ojú ọkọ̀ la fi ń mọ ọlọ́kọ̀.”

Ó dára. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti rí i, ọ̀dà ọkọ̀ ni. Ó ń di ẹrù, kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ ti ń fi kun ọkọ̀ látọjọ́ yìí, ọṣẹ ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kó dán dáadáa, kí Làmídì bá mi po àwọ̀ rẹ̀, kó má lọ fún mi ní gíríìnì tó ṣókùnkùn. Ìgbà yẹn ló yé mi... Ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Ọ̀dà ni ti ara ògiri, ọ̀dà náà ni ti ojú títì. Ọkọ̀ ni ti orí omi, ọkọ̀ náà ni mọ́tò. Ohun tí mo wí yàtọ̀ sí ohun tó gbọ́, mo sì mọ̀ ọ́n níbi tí mo jókòó sí. Ká ní mo pè é ní kóòtá, bí gbogbo Èkó ṣe ń pè é, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Kóòtá wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ọ̀dà ọkọ̀ ni, ó ní ó dáa, ó sì ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ṣé irọ́ ni? Ọ̀rọ̀ wo nínú rẹ̀ ni irọ́? Iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ máa jẹ́ létí ẹni tó gbọ́ ọ. Tí ẹlòmíì bá kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wá, èmi ni mo máa bi í léèrè pé èwo nínú méjèèjì lò ń wí.

Nígbà tó lọ tán, mo dáná sẹ́yìnkùlé, mo yọ́ ọ̀dà náà nínú agolo. Inú mọ́tò ni mo kọ́kọ́ kùn, mo kun ìdí rẹ̀. Ká ní mo dúró níbẹ̀, mi ò bá tí kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Ọ̀dà yẹn ò ní kí n fá nǹkankan, ibi tó bá ti jẹra ló ń wọ̀ lọ, ó ń dí i. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibi tí gíríìnì ti wú, mo ní kí n kàn fi tọ́ ibẹ̀. Mo fi tọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ̀gbẹ́ òsì ò gbọdọ̀ yàtọ̀... Ẹ̀yin èèyàn, kò sẹ́ni tó tì mí. Ó rẹ̀ mí ni, mo sì rí ohun tí kò ní jẹ́ kó rẹ̀ mí mọ́. Nígbà tí agolo tán, bọ̀nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ti dúdú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti Ráńtí, àbúrò ìyàwó mi tó ń bá a tajà, gbé e jáde. Nígbà tí a dé Ìdí-Òro, bàbá àgbàlagbà kan kúrò lójú ọ̀nà fún wa, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ òkú. Mo ní àmín. Mi ò ní agbára àlàyé. Ráńtí wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń ṣàmín fún?” Ní Mushin, obìnrin kan tó ń ta ata bi wá pé ta ló kú, èkejì rẹ̀ sì dá a lóhùn, “Ẹja ni. Ìwọ ò gbóòórùn ẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹlòmíì ní, “Gíríìnì ti lọ, ó ku ìyá.” Ìyẹn náà, mo fara dà á. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ń wo ọ̀nà fún gíríìnì ò dìde, a dúró níwájú wọn, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa. Nígbà tó yá, ọ̀kan wá wo inú mọ́tò, ó wò mí lójú dáadáa, ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ lọkọ Ìyàwó Akọ̀ròyìn?” Orúkọ àtijọ́. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lọ́jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò ní ibi lọ́kàn, ó kàn ń wá ohun tó máa fi mọ̀ wá ni, èyí tó wà nítòsí ló mú.

Oòrùn ọ̀sán tún mú ọ̀dà náà rọ̀. Lórí omi, omi ló ń mú un tutù, ní Mushin kò sí omi. Ráńtí fara ti ilẹ̀kùn, ìró rẹ̀ dúdú láti ìbàdí dé orúnkún, kẹrosíìnì ló fi fọ̀ ọ́, kò sì mọ́.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Làmídì. Ó kun gíríìnì díẹ̀ sórí ilẹ̀kùn, kí a tó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ó ti ń pọ́n bí ẹbọ́lọ̀ tó ṣá. Ó ní, “Ọ̀dà yín ń jẹ ọ̀dà mi.” Mo ní kó fi iná jó o kúrò. Ó fi ìka kan bọ́dì mọ́tò níbi mélòó kan, ó mi orí. Ó ní, “Irin yìí ti fẹ́lẹ́. Tí n bá gbé iná sí i, ihò la máa bá. Ẹ má bínú o, nǹkan tẹ́ ẹ kùn yìí ló so ó pọ̀ báyìí.” Ó ní bóyá tí òun bá fi ti fàdákà yẹn dí i lójú kí òun tó kun gíríìnì lé e, á dúró. Bóyá kò sì ní dúró. Òun ò ṣe irú ẹ̀ rí.

Òjò sì rọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo mọ́tò náà, omi ń yí kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tó rọ̀ sórí ewé kókò, kò síbi tó wọ̀. Kò sí fífá lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan láti Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìyàwó mi dé pé ara ọmọ le, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, ṣé ọ̀dà ti gbẹ? Mo ní kó sọ fún un pé ó ti gbẹ. Ó ti gbẹ lóòótọ́, tí oòrùn kò bá sí.

Ráńtí ló wá bá mi wá ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń fajú ro fún? Ẹ sọ fún Àǹtí mi pé bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ lẹ ṣe é. Ṣebí ọ̀dà ọkọ̀ lẹ jọ sọ. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.” Òótọ́ ni, mo mọ ìyàwó mi. Á rẹ́rìn-ín. Á gbé e lọ sọ́jà, á máa sọ fún wọn bí ọkọ òun ṣe sọ mọ́tò di ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á bá a rín in, orúkọ tuntun lè ti ibẹ̀ jáde pàápàá. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Mi ò tún ní fá mọ́tò mọ́ láéláé.

Tí mo bá sì sọ òótọ́ ńkọ́? Kí ni mo máa sọ? Pé ó rẹ̀ mí, mo sì ta orúkọ rẹ̀ fi ra ìsinmi? Pé wọ́n kìlọ̀ fún mi nípa ojú ọkọ̀, mo sì kun ojú rẹ̀? Ṣé àárẹ̀ tó ohun tí obìnrin lè gbọ́ kó dárí jini? Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọ̀dà, ṣé fàdákà yẹn máa dí i, kí n kúkú ní kí Làmídì bẹ̀rẹ̀ kó tó dé? Àbí kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i? Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni mo sì fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín jù... ṣé kí n jẹ́ kó fi ẹ̀rín dárí àṣìgbọ́ tí mi ò gbọ́ jì mí, àbí kí n sọ fún un pé mo gbọ́ ọ dáadáa?