Ìwé Owó Oṣù Lára Ògiri Káńsù

Àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Ẹtì kejì nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, láàárọ̀, lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lórí òkè wa. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ojú rẹ ni a ṣe sin ín. Tíṣà àgbà tó ń bá mi kọ ìwé yìí ní a kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí, ó ní ìkíni ló máa ń ṣáájú, mo sì sọ fún un pé kó kọ ohun tí mo bá pè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí o ka ojú ìwé méjì kí o tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí ọ.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ omi ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fa omi, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú sí ọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí ìbínú àárọ̀ ọjọ́ Ajé máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ara tèmi le. Eyín kan tún yọ, ó ku mẹ́sàn-án, wọ́n ṣì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn wa ti wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù tó kọjá, nítorí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù méje. Ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń bá mi jà lórí eruku pákó, ó ní n kò gbọdọ̀ rẹ́ igi nínú ilé mọ́. Ohun tí ìyá rẹ máa ń sọ gan-an ló ń sọ. Mo ti kó irinṣẹ́ mi jáde.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, onígbàjámọ̀ wa sáré wá bá mi, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí, ó ní wọ́n ti lẹ orúkọ rẹ mọ́ ògiri káńsù. Ìwọ náà mọ ògiri yẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, oríṣi orúkọ méjì péré ló ń dé ibẹ̀, orúkọ ẹni tí ọlọ́pàá ń wá àti orúkọ ẹni tí kò san owó orí. Orúkọ tèmi ti débẹ̀ rí nígbà ọ̀dọ́ mi, baba mi ló lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Nítorí náà n kò béèrè ohunkóhun. Mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ níjọ́ ìsìnkú, mo mú adìẹ méjì àti àpótí ìjókòó tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ó di ọ̀dọ̀ akọ̀wé káńsù.

Mo bá a láàárín àwọn fáìlì tó gun orí ara wọn dé ojú fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe olè, mo ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó orí ni, kó sọ fún mi, mo ní ìyá rẹ̀ kú, ọ̀fọ̀ sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé nǹkan. Akọ̀wé wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí àga. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpótí mi. Ó ní kí bàbá dìde, ó ní òfin tuntun ló jáde, pé gbogbo ẹni tó ń gba owó oṣù láti inú àpò ìjọba, tí owó náà bá ti kọjá iye kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ti ń ṣe é àti iye tó ń gbà, kí gbogbo ayé rí i, nítorí owó gbogbo ayé ni. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ. Ó dá àwọn adìẹ padà, ó ní òfin kò gba ẹ̀bùn. Kò dá àpótí padà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, òun ti jókòó lé e.

Inú bí mi. Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ta ló wá ní kí wọ́n máa ka owó fún olówó? Ó wá ka iye tìrẹ fún mi. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ òpópónà tí o ń gbé síbẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn olè má baà ṣe wàhálà wíwá ọ̀nà. Ó ní owó ọdún kan gbáko ni, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, pé báńkì ló ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní ta ló kan ilẹ̀kùn báńkì náà. Ó ní gíláàsì ni ilẹ̀kùn wọn. Gíláàsì, ọmọ mi. Mo délé, mo mú igi tó le jù lọ nínú igi mi, mo ti ń kan ilẹ̀kùn kan fún ọ báyìí, ó nípọn tó ìka mẹ́rin, ìdábùú mẹ́ta ni màá fi sí i. Wọn ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ kí o fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Má fi òwú wọ̀n ọ́n, òwú máa ń fà. Igi ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Onígbàjámọ̀ ní òun ti mú ìwé náà sínú fóònù òun. Mo lọ wò ó lára ògiri, ó ṣì wà níbẹ̀. N kò mọ ohun tó mú, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má mú ohun tí wọ́n fi àtè lẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn sọ fún mi pé o sunkún lórí fóònù, pé ojú ń tì ọ́, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń wo ẹ̀yìn rẹ bí o bá kọjá. Ojú kò gbọdọ̀ tì ọ́. Alápatà wa náà ní gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé yẹn, olè ni wọ́n. Mo bi í pé omi tó fi ń fọ ẹran, ta ló ń fà á dé ẹ̀rọ ọjà? Mo ní ọmọ mi ni, bó bá sì rò pé owó olè ló ń jẹ, kó máa fi itọ́ fọ ẹran rẹ̀ láti òní lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fún mi ní egungun. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn sójú, kí owó rẹ̀ náà hàn, kí ló kù?

Ìgbéraga ló mú mi padà sọ́dọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́ kejì, n kò ní parọ́. Mo fẹ́ mọ àwọn tó gbà jù ọ́ lọ. Mo ní kó ka gbogbo rẹ̀ fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń kà, mo ń mi orí. Ó ka adájọ́, ó ka ọ̀gá àwọn tó ń la títì, ó wá ka dókítà, ilé ìwòsàn orí òkè. Mo ní òkè wo? Ó tún un kà. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ilé ìwòsàn tiwa ni, àkọ́bí mi. Akọ̀wé ní ọdún kẹta rèé tí dókítà ti ń gbowó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ fi orí lé mi nítan lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tó ń wá èémí, nọ́ọ̀sì ní ìjọba kò tíì fún wa ní dókítà. Mo gbà. Ohun tí kò sí, kò sí, n kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Mo lọ sílé, mo kan pósí ìyàwó mi, mo dákẹ́. Odidi ọdún kan ni mo fi dákẹ́ lórí irọ́.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí n tó lanu ló ti ń sunkún. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ló kìlọ̀ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni kí òun máa wí. Òun nìkan ló ń gbẹ̀bí, tó ń ran ojú ọgbẹ́, owó rẹ̀ ló fi ń ra òwú. Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Kò sí. Owó rẹ̀ kò tó kí wọ́n kọ ọ́.

A kó ara wa jọ, àwa bí ogójì, ó di káńsù. Wọ́n ní kí a kọ fọ́ọ̀mù. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀, lẹ́tà kan nínú àpótí kan, iṣẹ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni, orúkọ mi kò wọ inú rẹ̀ tán, mo ní kí tíṣà kan àpótí mẹ́ta mọ́ ọn. Wọ́n bi wá pé báwo la ṣe fẹ́ gba èsì. Mo ní lórí ìjókòó. Wọ́n bi wá pé kí la fẹ́ mọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo fẹ́ mọ ibi tí dókítà wa wà ní ọjọ́ Ẹtì kejì nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà dé. Ọkùnrin tó sanra ni mo ti ń retí, kí ọwọ́ mi lè ríbi bà. Ọmọ tínrín kan báyìí ni, awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ sórí imú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, n kò ní kó dìde. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán òun wá, kò sí ilé, kò sí oògùn, ọ̀gá òun ní kí òun máa bá àwọn ṣiṣẹ́ nígboro ná, owó sì ń wọlé, òun kò béèrè mọ́. Mo sọ nǹkan kan sí i. Tíṣà kọ̀, kò kọ ọ́. Fi ọkàn rẹ kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí náà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tó ti ń wá, kò pa ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ. Àwa àgbààgbà máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ká lè rí i. Oògùn ti dé. Ikọ́ tó ń ṣe bíríkìlà wa ti lọ. Ó fọwọ́ kan ikùn àbúrò rẹ, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ló wà nísàlẹ̀, pé bí kò bá yí padà, àbúrò rẹ kò gbọdọ̀ rọbí níbi tí kò sí dókítà. Ó fa nọ́ọ̀sì mọ́ra, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mọ̀ ọ́n hàn án.

Àwọn ìgbìmọ̀ ìlera yóò jókòó nígboro lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan nínú ẹbí ẹni tó kú wá sọ ohun tí a fẹ́, bóyá kí wọ́n lé dókítà náà ni, bóyá kó dúró. Bí mo bá ro ìyá rẹ, mo fẹ́ kí wọ́n lé e kó máa ṣa bébà ní títì. Bí mo bá wo ikùn àbúrò rẹ, n kò fẹ́ kí ilé ìwòsàn náà tún ṣófo. Inú mi kò le tó bí mo ṣe rò, ìrètí ti ráyè wọ̀ ọ́.

Fi owó ránṣẹ́ fún bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ àti fún ìṣó. Má sọ fún mi pé oṣù le, mo ti gbọ́ iye rẹ̀ lẹ́nu akọ̀wé. Ọlọ́run yóò mú kí ọwọ́ rẹ máa ròkè. Àwọn ọmọ rẹ yóò sin ọ́ ní ọjọ́ ogbó. Ohun tí o bá là kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò ní ta sí ọ lára.

Èmi kò ní wá. Níwájú àwọn ìgbìmọ̀ yẹn, ìbínú mi ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀, ìbínú kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kú àti ẹni tó fẹ́ bímọ. Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ ni àkọ́bí. Dúró níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ. Bí o bá ní kó lọ, mo fara mọ́ ọn. Bí o bá ní kó dúró, màá máa kí i láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ rèé, ti àbúrò rẹ náà rèé. Mo ti gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Èmi ni,
baba rẹ, káfíńtà.