Ìrìn-àjò Òkè Tí Mo Sọ Nínú Àdúrà

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Ọmọ Mi Obìnrin,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó tún jí mi lónìí, tí ó sì fún ọwọ́ mi lágbára láti di kálàmù mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà mi kò gún mọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Aya rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń gbẹ́ pákó ní ìta ilé, àbí àwọn ọmọ ti gba ayùn lọ́wọ́ ìwọ náà? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ayọ̀.

Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ojú ń kú lọ. Dókítà ojú sọ fún mi láìfi bò pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kù kò ní pẹ́ ṣú, kò sì sí oògùn tí yóò dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi obìnrin, ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti ń tọ́jú mi bí ẹyin tí a fi òwú wé. Bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ obìnrin tí ń dáná fún wa, ẹni tí ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ létí. Èmi yóò wá jókòó sójú fèrèsé tí ó dojú kọ ògiri aládùúgbò. Ògiri náà ni mo ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí ibi tí ó ti sán tí n kò mọ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé kí ojú yìí tó ṣú, n ó gba ọ̀nà òkè wá sọ́dọ̀ rẹ, kí n rí òkè náà, kí n sì rí ojú rẹ. Awakọ̀ takisí kan máa ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ògiri yẹn àti fèrèsé mi. Má-sáré ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ológeere a máa ya ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ojú fèrèsé bá a sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbà tí a ó dé nìkan ni mi ò mọ̀, a ó sáà dé.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í to ìrìn-àjò náà. Ó fẹ́ kí a dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ń sin oyin ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò tọ́ oyin wò. Èmi ní kí a dúró níbi ìsun omi tí ń tú jáde lára àpáta, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí n bọ́ bàtà mi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibi tí ọ̀nà ti yí po, tí àfonífojì ṣí sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó pẹ́ sí jù. A jiyàn lórí ilé ìtura kékeré tí ó wà lẹ́bàá afárá onípákó. Ó ní ibùsùn ibẹ̀ le. Mo ní èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ sùn lé ní ilé-ìwé míṣọ́nnì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà rẹ ni òpin ìrìn-àjò.

Ṣùgbọ́n o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àwọn olùkọ́ wa kò jẹ́ kí a gbé ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà láìkọ́kọ́ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà àdúrà ìdílé ní òwúrọ̀, èmi ni ó kàn láti gbàdúrà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń fi ibi kọ̀ọ̀kan lé Olúwa lọ́wọ́: àwọn olóyin, ìsun omi, ìyípo ọ̀nà. Mo tilẹ̀ bẹ̀ Ẹ́ kí Ó la Má-sáré lójú. Mo gbàgbé pé Olúwa nìkan kọ́ ni ń gbọ́. Ọmọ mi ṣe Àmín tí ó ròkè, ó dìde, ó sì jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta: “Ìwọ ni o fẹ́ gbé bàbá mi jù sínú ọ̀gbun, àbí?” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà tóóró náà ti ṣófo. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn nìkan ni Má-sáré sáré.

Nígbà tí ó kan ọmọ mi láti gbàdúrà, ó wí pé, “Olúwa, bàbá mi fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fi sí ọ̀rẹ́ náà lọ́kàn kí ó wá síbí, kí bàbá mi má sì kúrò nílé mọ́.” Ó dúró kí n ṣe Àmín. N kò ṣe é. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í dìde títí gbogbo ènìyàn yóò fi ṣe Àmín. A wà níbẹ̀. Eékún mi ń ro mí. Òórùn ọbẹ̀ tí ń jóná gba inú ilé. Obìnrin tí ń dáná la ojú kan, ó tún dì í.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe Àmín. Ọbẹ̀ ń jóná.”

“Ṣé kí n wá parọ́ níwájú Ẹlẹ́dàá mi nítorí ọbẹ̀?”

“Ẹ ò ríran, Bàbá! Ọ̀nà yẹn léwu. Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́?”

“Mo ṣì ríran díẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn. Ṣé ògiri yìí ni o fẹ́ kí n fi ojú mi wò kẹ́yìn?”

Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún àdúrà náà gbà: pé òun fúnra òun ni yóò wa ọkọ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, a ó sì dúró níbi gbogbo tí bàbá òun bá fẹ́. Mo ṣe Àmín. N kò tíì pè é tán tí obìnrin tí ń dáná fi ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n ìsinmi ṣì jìnnà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì síbẹ̀. Láti àná ni n kò ti rí apá òsì ògiri náà dáadáa mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé sí ọ. Bí ojú mi bá ti ṣú kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣe banújẹ́ lójú ọmọ mi, kí ó má baà dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Jókòó tì mí níta, kí o sọ òkè náà fún mi bí ó ti rí ní ọjọ́ náà, ibi tí oòrùn dé àti ibi tí ìkùukùu bò. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì kan ojú rẹ.

Bá mi kí aya rẹ àti gbogbo ọmọ. Kí àbúrò rẹ tí ohùn rẹ̀ máa ń bo ti gbogbo ìjọ mọ́lẹ̀ náà. Kí Ọlọ́run tí kì í tòògbé ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Kí fìtílà ilé rẹ má ṣe kú, kí ìwọ àti àwọn tí o bí sì máa ríran dé ọjọ́ ogbó yín.

Èmi ni tìrẹ nínú Olúwa,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Olùkọ́ Àgbà.