Ìwé Tí Bàbá Fi Ń Gbèjà Arrechea

                                        Calle Colón 41,
                                        Sagua la Grande,
                                        Cuba.
                                        9 Oṣù Kejì, 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi Osmany ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Madrid kò fi ojú yín rí nǹkan lọ́dún yìí? Gbogbo wa wà níbí, a sì ń rí kọfí mu, ọpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Bàbá wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ṣúgà, bẹ́ǹṣì àwọn aláríyànjiyàn nínú ọgbà ìgbafẹ́ ni ọ́fíìsì wọn. Gbogbo eré bọ́ọ̀lù onígi tí ẹgbẹ́ wa bá gbá ni wọ́n ń kọ sínú ìwé: ta ló gbá a, ta ló tàsé. Bí àríyànjiyàn bá le, ìwé Bàbá ni adájọ́.

Lóṣù tó kọjá, akọ́nimọ̀ọ́gbá sún Arrechea, àyànfẹ́ Bàbá, láti ipò kẹrin, àyè ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, sí ipò keje nínú àwọn tó ń jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nivaldo onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kó jókòó. Onígbàjámọ̀ ní, "Ṣe ló kàn ń fi igi ọwọ́ ẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí wa." Bàbá bá ṣí ìwé. "Nínú ìgbà àádọ́ta tó jáde, ìgbà méjìdínlógún ló gbá a. Irun nìkan ni kó o máa gé, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Onígbàjámọ̀ gba ìwé náà, wọ́n wò ó títí. "Evelio, ipò kẹrin lo ṣì ń kọ Arrechea sí. Ọmọ tuntun yẹn ló ń gbá níbẹ̀ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú Bàbá ò rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ mọ́, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ láti máa kọ Arrechea sí ipò kẹrin fún ọdún mẹ́jọ, wọn ò sì mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ti sún un. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí ọmọ tuntun gbá, Arrechea ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá wálé, wọ́n ti gbogbo ìwé wọn sábẹ́ ibùsùn, wọn ò sì dé ọgbà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Oúnjẹ wọn pàápàá ń ṣẹ́kù. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú, Onígbàjámọ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé wọ́n wá bẹ Bàbá ni, àṣé ìjà ni wọ́n bá wá.

"Ṣé torí Arrechea lo ṣe ń sá fún mi? Ó yá, dìde. Èmi á máa pe nọ́ńbà, ìwọ á máa kọ ọ́. Àwọn tó kù ní bẹ́ǹṣì yẹn ò mọ àríyànjiyàn í ṣe."

Bàbá ní àwọn ò fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni.

"Àánú wo? Wọ bàtà ẹ."

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí pápá ìṣeré. Nígbà tó kan Arrechea, igi dún, ariwo sì gba gbogbo pápá. Onígbàjámọ̀ fajú ro. "Ó gbá a. Ó ti sáré dé ibùdó kejì nínú mẹ́rin."

Bàbá dá pẹ́ńsù dúró. "Ṣé òótọ́ ni, àbí ò ń tù mí nínú?"

"Evelio, tí mo bá fẹ́ purọ́ tù ẹ́ nínú, ṣé Arrechea ni màá wá fi pa á?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ní ipò keje.

Dókítà ti ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ bá wa fi àdúrà sí i. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bàbá ní kí n sọ fún yín pé ipò kẹrin ló ṣì yẹ Arrechea. Onígbàjámọ̀ ní kí ẹ má gbọ́ tiwọn.

Èmi ni àbúrò yín tí àárò yín ń sọ,
Mirelis.