Ẹ̀rọ Tó Lẹ́nu Tàbí Èyí Tí Kò Lẹ́nu

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá ìlú ńlá, mo sì tún kí ọ kú àtẹ̀gùn, nítorí o sọ pé òkè pátápátá ni yàrá rẹ wà, ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn tó tó yẹn lójoojúmọ́ yẹ lẹ́ni tí à ń kí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. Kó má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí àṣìṣe rẹ kí o tó tún un ṣe. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé, àfi orúnkún ìyá rẹ àti ọkàn tèmi, àwọn méjèèjì yìí ni kò gbádùn.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù. Lẹ́tà ni mo fi ń fèsì nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù lè há sójú ọ̀nà tó bá gba fóònù. O ní oríṣi méjì ni ẹ̀rọ géèmù tuntun tí o fẹ́ rà fún ìyá rẹ. Ọ̀kan lẹ́nu, èèyàn á ki àwo géèmù bọ̀ ọ́ lẹ́nu bíi ti àtijọ́ tó wà nílé yìí. Èkejì kò lẹ́nu rárá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo géèmù rẹ̀ ń gbà wọlé, owó rẹ̀ sì dín. O ní ẹni tó ń tà á máa bá ọ fi méjèèjì pa mọ́ di ọjọ́ Sátidé, kí n yan èyí tó bá wù wá. Ọ̀rọ̀ kékeré ló jọ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka iṣẹ́ yẹn, mi ò rí ìjókòó jókòó. Mo gbé pákó, mo gbé e sílẹ̀. Mo wọn ilẹ̀kùn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún gé e kúrú. Tí mo bá ní ẹlẹ́nu ni, ọkàn mi á ní kí ló dé. Tí mo bá ní aláìlẹ́nu ni, màá rántí orúnkún ìyá rẹ.

Kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìyá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn lójoojúmọ́, pé orúnkún tí a kò bá lò, dídì ló máa dì. Ìyá rẹ ní òun gbọ́, ó sì jókòó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tàn án, mo fi ìbínú díẹ̀ kún un. Ó ní ibo ni òun ń rìn lọ, ṣé kí òun máa lọ kí òun máa bọ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù ni.

Ọjọ́ tó ń nu eruku ara ẹ̀rọ géèmù tí o fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó tàn án wò, ó gbé pádì rẹ̀ lọ́wọ́, kò pẹ́ kò jìnnà, ìyá rẹ ti ń wa mọ́tò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó ń sáré, ó ń bú àwọn tó wà níwájú pé wọn ò mọ mọ́tò wà. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń sọ ni, ó ní àwọn tó gbọ́n nínú wọn ń gbọ́. Nígbà tó jẹ àwọn àwo tó wà nílé tán, ó gbọ́ pé onígbàjámọ̀ tó wà ní òpin àdúgbò wa ní tirẹ̀, tó máa ń fi najú tí kò bá sí orí tó máa gé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ á mú àwo kan lọ, á gba òmíràn bọ̀. Á tiro lọ, á kí ẹni tó bá pàdé, á dúró sinmi lẹ́bàá ìyá tó ń ta epo fìtílà, á gbọ́ ìròyìn, á tiro bọ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun ò rí ẹni tí géèmù ń tètè tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, pé màmá, ṣé ẹ̀ ń jẹ wọ́n mì ni. Nọ́ọ̀sì tẹ orúnkún náà wò, ó ní ohun yòówù tí a bá ń ṣe, ká má dáwọ́ dúró. Inú mi dùn débi pé mo kan pẹpẹ fún àwọn àwo náà, pákó pupa ni mo fi kàn án, mo sì la ojú fún àwo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má máa ha ara wọn.

Ìgbà yẹn lo wá ní ká dán ohun tí ẹ̀yin ń pè ní dáńlóòdù wò. O ra géèmù kan níbi tí o wà lọ́hùn-ún, o ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo ṣí fèrèsé. Ìyá rẹ ní kí ni mo ń ṣe, mo ní ohun tó ń bọ̀ láti inú afẹ́fẹ́, ṣé a máa ti ilé mọ́ ọn ni. Ìlà kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n tó ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé kejì, ó yára díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo wá bẹ aládùúgbò wa tó sá aṣọ síwájú fèrèsé pé kó bá mi ká a ná, géèmù ló fẹ́ kọjá. Ó ká a, ó sì dúró síbẹ̀ bóyá òun náà á rí i.

Ẹ̀rọ náà wá béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí o fún mi. O sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, olè ni onítọ̀hún. Mo dákẹ́. Ó tún béèrè. Mo pa á. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, mo ní ìwọ á pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí o pè mí tí o ní òun gan-an ni kí n sọ ọ́ fún, ó dùn mí díẹ̀, torí mo ti rò pé mò ń yege.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àdéhùn gígùn kan yọjú. Ìyá rẹ ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ Mo gbà sí. Mo ní ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá kì í fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè tí mo lò nílé ẹ̀kọ́ jáde, mo kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, ojú mi pọ́n. Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé wọn ò tà á fún wa? Wọ́n ní àwọn kàn yọ̀ǹda ká máa lò ó ni, pé tó bá ṣe, àwọn lè gbà á padà. Mo pe ìyá rẹ, mo ní ayálégbé la jẹ́ nínú géèmù yìí. Ó ní kí n tẹ Mo gbà. Mo tẹ Mi ò gbà, kí wọ́n lè pè wá ká jọ jókòó dúnàádúrà bí ọmọlúwàbí. Wọn ò pè. Nígbà tí mo jáde lọ wo bóyá fóònù kò gba ìpè nínú ilé, ìyá rẹ ti tẹ Mo gbà lẹ́yìn mi.

Ó wọlé tán. Èmi ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sórí òṣùwọ̀n alápatà kí géèmù tó wọ inú rẹ̀, mo bá tún gbé e padà lọ kí n lè mọ ohun tí wọ́n kó fún wa. Kò fi nǹkan kan wúwo sí i. Alápatà wo òṣùwọ̀n, ó wò mí, ó ní Bàbá Káfíńtà, ẹran tí wọ́n tà fún yín yìí, eegun rẹ̀ pàápàá ò sí níbẹ̀. Mo gbé e délé pẹ̀lú ìrònú pé wọ́n ti lù wá ní jìbìtì. Ìyá rẹ tàn án, géèmù sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, òkè, odò, ọ̀nà, gbogbo mọ́tò. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí wọ́n kó ìwọ̀n rẹ̀ sí.

Ìyẹn kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ní gbogbo ìgbà tí géèmù yẹn fi wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ ò ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Àga sí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sí àga. Onígbàjámọ̀ rò pé ó rìnrìn àjò, ó wá pẹ̀lú àwo kan lọ́wọ́, ìyá rẹ dúpẹ́ lójú fèrèsé, ó ní òun ti ní èyí tó ń bá òun nílé. Ọkùnrin yẹn ń yí àwo rẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹsẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì dé, ó tẹ orúnkún, èmi ló kọjú sí, ó ní ṣebí òun ti sọ pé ká má dáwọ́ dúró.

Ìgbà tí géèmù náà sú u ló tó tún jáde. Ló bá di pé àwo tó gbà bọ̀ ní ojú ibi tó ti ha, mọ́tò á sáré dé ibì kan, á dúró gbagidi. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi, ṣebí iṣẹ́ mi ni. Mo fi sáńpépà tó kúnná fá a títí kò fi sí ojú ọgbẹ́ kankan mọ́, mo fi fáníìṣì kùn ún, mo sá a sí ibòji. Ó dán débi pé mo rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbà á sẹ́nu, ó sì pọ̀ ọ́ jáde. Onígbàjámọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn, ó ní Bàbá Káfíńtà, iṣẹ́ yín dára, ó ku kí ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i kó di tábìlì. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ó sì ní àwo òun ò ní wọ ilé wa mọ́ ná. Ìyá rẹ ní ó tán, aláìlẹ́nu ni kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o rà, pé afẹ́fẹ́ kì í ha, ọkọ òun ò sì lè rí i fi sáńpépà fá.

Wo ibi tó há mi sí. Ó wù mí kí n ní ẹlẹ́nu ni, nítorí ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni lóòótọ́, àbí pẹpẹ tí mo kàn ló ń dùn mí, kó má lọ ṣófo. Ta ló sì fi mí jọba tí mo fi ń wá ọgbọ́n tí màá fi lé àgbàlagbà obìnrin sójú ọ̀nà? Lánàá mo kọ ọ́ sí ọ pé kí o ra ẹlẹ́nu, kí o wá sọ fún un pé aláìlẹ́nu ti tán lọ́jà. Mo ka ohun tí mo kọ, ojú tì mí, mo fà á ya.

Ló bá di àárọ̀ òní, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tẹsẹ̀ tẹsẹ̀, tòun ti pẹpẹ. Ó ń sáré mọ́tò lọ́wọ́, ó gbé pádì sílẹ̀, mọ́tò ń lọ fúnra rẹ̀ títí ó fi kọ lu ògiri, kò tiẹ̀ wò ó. Ó ní ta ló sọ fún mi pé aláìlẹ́nu wu òun. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò rí mi ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo máa ń dúró sí àárín títì, òòlù lọ́wọ́, ìṣó lẹ́nu, tí màá máa wo òun lẹ́yìn títí òun á fi ṣẹ́ kọ́nà, tí mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí òun á fi dé. Ó ní oníbàárà ti pariwo lé mi lórí nítorí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ní orúnkún òun ló ń dun òun, tèmi ti wọ egungun. Òun rò pé tí géèmù bá ń gba afẹ́fẹ́ wá, tí òun ò jáde mọ́, màá lè padà sídìí iṣẹ́ mi, kí n sì máa mí bí èèyàn.

Mo ní mo rò pé kò mọ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò ló mọ̀, pé Ọlọ́pàá Orúnkún ni onígbàjámọ̀ ń pè mí.

Torí náà ẹlẹ́nu ni kí o rà. Àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́. Ó ní màá gba ohun kan o: tí òun bá ti jáde, kí n kọ ẹ̀yìn sí títì, kí n má wẹ̀yìn títí òun á fi dé. Mo ní mo gbà, mi ò sì lo ìwé atúmọ̀ èdè. Ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ bẹ onígbàjámọ̀, kí n jókòó kí n kọ̀wé sí ọ, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Ìdí tí lẹ́tà yìí fi gùn nìyẹn. Lójú tèmi, ó yẹ kó ti dé báyìí. Ìyá elépo fìtílà ti lè dá a dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, mo gbọ́ ọ, mi ò yíjú.

Jọ̀ọ́, tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí a máa fi ra irú àwo tí mo fá yẹn padà fún onígbàjámọ̀, torí mo ní kí n fi àga tuntun dí i fún un, ó ní àga kò ṣe é sáré mọ́tò. Fi owó pákó náà kún un nítorí ilẹ̀kùn tó kúrú. Má rán owó dátà.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó. Kí ibi tí o bá ń lọ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹni tó ń retí rẹ má retí rẹ pẹ́. Wàá lọ, wàá bọ̀, ọ̀nà ò ní dí mọ́ ọ.

Mo ń gbọ́ ìrìn ẹnì kan lójúde. Bàtà ẹsẹ̀ kan ń lu ilẹ̀, èkejì ń wọ́. Ó ti dúró, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú ìwé yìí ni mò ń wò.

Èmi ni, bàbá rẹ, tí kò tíì wẹ̀yìn.