Yàrá Tí A Tọ́jú Sílẹ̀ fún Fáìlì Humairah

Erunmu,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Humairah ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ ní Èkó tí o wà, kí ó bá ọ níbi iṣẹ́, kí ó sì bá ọ lójú oorun. Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ìyá rẹ Hàjàrá ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní ti oúnjẹ kí n tó bi ọ́ ní ohunkóhun, mo sì ti bi ọ́ yẹn. Ara wa le, àgbàdo ti ń yọ irun, òjò sì ń rọ̀ ju bí a ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ. Tísà Ọlọ́runṣògo tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ẹ̀bá ọjà ní òun máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, òun á sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wáásáàpù. Nítorí fọ́tò náà ni mo ṣe wẹ̀, tí mo wọ bùbá funfun mi kí n tó jókòó kọ ọ́. Tí bùbá náà kò bá hàn, òun ni kí o bi, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a gbọ́ ọ. Ohùn rẹ ti ha, o sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀. O ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń pín Líńọ́ọ̀sì, ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó dára ni, mi ò sì ní sọ pé kò tíì dé wọ́ọ̀dù tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé. O ní àwọn kọ̀mpáílà méjì kan wà tí iṣẹ́ wọn dà bíi ti ògbufọ̀, tí wọ́n ń gba ohun tí èèyàn kọ, tí wọ́n ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. O ní oníkálùkù wọn ló ní fáìlì tí wọ́n ń pè ní mọ́dù, orúkọ kan náà ni àwọn fáìlì yìí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè ka ti ìkejì, àní tí kọ̀mpáílà kan bá fi ọdún kan dàgbà sí i, kò ní lè ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èṣí. Ìyá rẹ ní ojú ló ń dùn wọ́n, kí ẹnì kan ra awò fún wọn.

Ibi tí ẹ máa kó àwọn fáìlì náà sí ló wá di ìjà. Wándé tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ilé Yúsírì, ní yàrá Ìnkúlúùdù, torí ibẹ̀ ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń gbé tipẹ́. Ìwọ ní rárá, pé tí wọ́n bá jọ wà níbẹ̀, èyí tó bá dé kẹ́yìn máa pa èyí tó kọ́kọ́ dé rẹ́, iṣẹ́ ọdún kan gbáko tí o ṣe á sì lọ. O ní yàrá Líìbù nínú ilé Yúsírì kan náà ni kí ẹ gbà, kí ẹ gé e sí ọ̀nà, kí kọ̀mpáílà kọ̀ọ̀kan wà ní tirẹ̀. Inú mi dùn pé Mùsùlùmí ni onílé yín, mo ti ń dárúkọ Alhaji Yúsírì nínú àdúà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo tún kíyè sí i pé kí o tó dárúkọ yàrá kankan, ẹnì kan tó ń jẹ́ Siláàṣì ni o kọ́kọ́ ń dárúkọ. Mo gbà pé òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Máa kí i dáadáa o, irú wọn ló ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde.

Ní ìparí, o ní Ọjọ́bọ̀ ni ẹ máa dìbò, pé tí ìbò náà kò bá gbè ọ́, o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí Wándé ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé tí yàrá tí àwọn fún ọ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o kó fáìlì rẹ lọ sí hóòmù. Ọmọ mi, mo dìde lórí ìjókòó. Bàbá rẹ kò kàwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n mo mọ hóòmù. Hóòmù ni ilé, ilé sì ni Erunmu. Mo bi ìyá rẹ pé ṣé Wándé rò pé ọmọ wa kò níbi tó lè kẹ́rù sí ni?

Yàrá ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì ni mo mú. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni àbúrò mi Gbọ́njúbọ́lá, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Ṣáṣá, ń kó láfún sí kó tó gbé e lọ tà ní ọjà Ṣáṣá. Ọjà ló wà láti ọjọ́ Ajé, mi ò sì dúró dè é. Mo gbé àpò láfún mọ́kànlá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbá yàrá, mo fi ẹfun kùn ún, mo ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, kó sì gbé pákó gíga kan dínà láàárín kí ọ̀kan má bàa máa yọjú wo ti ìkejì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ kọ̀mpáílà méjèèjì bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, Jífọ́tíránì lọ́tùn-ún, Fíláàńgì lósì. Mo tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá sin wọ́n wá.

Òjò ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí èmi àti ìyá rẹ tó ti oko dé, àpò láfún mẹ́rin ti di ẹ̀kọ. Ìyá Ṣáṣá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wo àpò, ó wo yàrá, ó wo ohun tí mo kọ sára ògiri. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní nítorí àlejò tí kò tíì wá ni ọmọ ìyá òun ṣe gbé oúnjẹ òun fún òjò. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i, ìkòkò ló ń kọjú sí.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mi ò dúró de ìbò yín, mo rò ó pé ẹrù á ti wà lọ́nà. Mo háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ibùdókọ̀ Egbeda, mo sì ń bi gbogbo awakọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ bóyá wọ́n gbé fáìlì. Ẹnì kẹrin nínú wọn ní páálí kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n kọ fáìlì àti Erunmu sí lára, ẹni tó ni ín kò sì tíì yọjú. Mo ní Àlàmùdúlílààhì, mo buwọ́ lùwé. Nígbà tí mo tú u nílé, fáìlì ni lóòótọ́, aláwọ̀ ewé, ọgọ́rùn-ún géérégé, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ sínú ẹyọ kan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé abájọ tí wọn kò fi lè kà á. Mo pín wọn dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Tísà Ọlọ́runṣògo dé, ó ń wá páálí fáìlì tí ilé ìwé wọn rà láti Èkó. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, tí mo sì ṣàlàyé fún un ẹni tó ni apá kọ̀ọ̀kan, ó di férémù mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ẹní, ó fi sùúrù sọ fún mi pé fáìlì tìrẹ kò wúwo, pé inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, pé Yúsírì kì í ṣe èèyàn, orúkọ ibi ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ ni, pé Siláàṣì kì í ṣe ọlọ́dẹ, ìlà tí wọ́n ń fà síwájú orúkọ yàrá ni, hóòmù tí Wándé ń wí náà sì wà nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ojú tì mí, Humairah. Mo bi í pé bí wọn kò bá gba àyè, kí ló wá dé tí ẹ fi ń jà sí yàrá? Ó ní kì í ṣe àyè, orúkọ ni, pé kọ̀ǹpútà kì í gbà kí mọ́dù méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà jọ gbé yàrá kan.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ṣáṣá sọ̀rọ̀ láti kíṣìnì. Ó ní ṣé múdù ni àwọn èèyàn yìí ń jà sí, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà? Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní ní Ṣáṣá, oníkálùkù ló ní múdù tirẹ̀, òmíràn wọ́n ti lù ú nídìí, òmíràn wọ́n ti fà á lẹ́nu, gbogbo wọn ló ń jẹ́ múdù, ṣùgbọ́n tí o bá ṣèèṣì fi ti ẹlòmíràn wọn ọjà rẹ, o gbé. Ó ní ìdí nìyẹn tí múdù kálukú fi ń sùn ní ìsọ̀ ẹni tó ni ín, tí wọ́n á kọ orúkọ àti ọdún sí i lára, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó ń kó wọn jọ sáàárín ọjà. Ó ní Humairah ló jàre, ó dájú pé Wándé kò tajà rí. Tísà ń kó fáìlì rẹ̀ padà sínú páálí, ó ní ohun tí òun ń wá ẹnu sọ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu àbúrò mi kàn mí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Mo ṣí fìlà, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo tọ́jú àyè fún ẹrù tí mi ò rí rí, mo sì gbàgbé èyí tó wà lójú mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ yọ pákó yẹn kúrò. Mo yọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpò méje padà, a sì da mẹ́rin tó rin sórí àpáta, a ń yí i nínú oòrùn. Méjì ṣì ṣeé jẹ, méjì di ti ewúrẹ́. Nígbà tó bu oúnjẹ, tèmi ló bù kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó bù ú.

Lánàá Jímọ̀ ni Tísà ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ fún wa, pé ìbò gbè ọ́, pé kọ̀mpáílà kọ̀ọ̀kan á ní yàrá tirẹ̀ ní Líìbù, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé Wándé gan-an dìbò fún ọ nígbẹ̀yìn. Ìyá rẹ jó yí àgbàlá ká. Ìyá Ṣáṣá ní òun mọ̀ pé wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ òun. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò ní kíṣìnì.

Tí owó oṣù bá ti wọlé, jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí àpò láfún méjì tó bàjẹ́, àti owó káfíńtà, àti ti oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ tó gbé mi bọ̀ nítorí fáìlì onífáìlì. Ìyá Ṣáṣá ní kí o má fi tòun sí báńkì, pé báńkì kò mọ òun, òun náà kò sì mọ báńkì, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé e wá. Mo rò pé ìwọ ló ń fẹ́ rí, kì í ṣe owó.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ parẹ́. Kò ní fi ọ́ sí àárín ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ rẹ sí. Níbikíbi tí o bá wà, kí o máa rí ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ títí o ó fi sọ̀rọ̀ tán, kódà bí ohun tí o sọ kò bá yé e rárá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàníù.