Àgádágodo Mẹ́ta Lára Súwíìṣì Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fi adùn sí i. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ.

Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi gbóná. Mo gbé ọwọ́ lé e láàárọ̀, níbi tí àpótí fíúsì wà, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Òórùn rọ́bà tó ń jóná. Olómi tútù, ayálégbé mi tó ní fíríìjì ńlá, ní òun ti ń gbọ́ òórùn náà tipẹ́, òun rò pé ọbẹ̀ ẹnìkan ló jóná ni. Ọbẹ̀ wo ló ń jóná lójoojúmọ́?

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ mi obìnrin. Iṣẹ́ iná ló kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó dé. Ó ṣí ìdérí àpótí, ó wò ó, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní wáyà ibẹ̀ ti gbó, nǹkan tí à ń tàn sí i ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bí a ò bá pààrọ̀ rẹ̀ ilé máa jó. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá, òun máa kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ ná. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó ń wo ògiri bí ẹni tó ń wo ojú àna.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo-ti-ṣe-é-rí gbọ́. Ọkọ mi tó ti kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ó ti tún iná ṣe rí, ó ti gbẹ́ kànga rí, ó ti fa eyín rí — eyín ara rẹ̀. Ó ní kí là ń ṣètò sí? Lọ́sàn-án kan, láìpa iná, òun á ti pààrọ̀ gbogbo wáyà. "Ìyàwó wa, ẹni tó bá mọ iná kì í bẹ̀rù iná."

Àwọn ayálégbé ń mi orí bí alángbá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ká paná. Télọ̀ iwájú ilé ní aṣọ ilé-ìwé tó wà nílẹ̀ fóun kò lóǹkà.

Ọmọ mi ní ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ nínú ilé yìí, kí onítọ̀hún ti wá ẹni tó máa sin ín.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí mo bá gbà fún Mo-ti-ṣe-é-rí, ó lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá gbà fún ọmọ mi, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ládùúgbò yìí. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, àkàbà ni wọ́n máa ń ní kó bá àwọn di mú. Èyí ni àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo pè wọ́n jọ. Mo ní ọmọ mi ló máa ṣe é, bó ṣe fẹ́ ẹ. Mo-ti-ṣe-é-rí á ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilé pọ̀ ládùúgbò. Mo-ti-ṣe-é-rí béèrè bóyá lóòótọ́ ni òun á máa gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ tí òun pọ̀n. Mo ní, "Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fi pọ̀n ọ́n náà lẹ máa fi gbé àkàbà."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ mi ṣàlàyé fún gbogbo ilé. Nílé yìí, bí iná bá lọ tó sì dé, ẹni tó bá sún mọ́ súwíìṣì àgbà, èyí tó ń gbé iná fún gbogbo ilé, ló máa fà á sókè. Ọmọdé ni o, àlejò ni o, a kì í béèrè. Ó ní àṣà yẹn ló máa pa òun. Òun á wà lórí àkàbà, ẹnìkan á kọjá, á rí i pé súwíìṣì wà nísàlẹ̀, á ní kóun ṣe oore. Oore á sì gbé òun lọ sọ́run. Nítorí náà, àgádágodo la máa fi tì í. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, tirẹ̀ lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá tì í nìkan ló lè ṣí i.

Mo ní èmi náà máa fi tèmi sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ò ṣiṣẹ́ kankan." Mo ní ilé mi ni.

Télọ̀ ti ń pe ọmọ mi ní Ìyá Àgádágodo. Ó ní kó wá bá òun ti ẹnu ìyàwó òun pa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Kò yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Ọmọ mi ní a ò ṣiṣẹ́ iná nínú òjò. Mo-ti-ṣe-é-rí ní òun ti ṣe é rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Láàárọ̀, gbogbo ilé yọ nǹkan wọn kúrò lára ògiri. Fáànù, áyọ́ọ̀nù, fíríìjì. Ọmọ mi fa súwíìṣì àgbà sílẹ̀. Àgádágodo tirẹ̀, ti Mo-ti-ṣe-é-rí, tèmi. Wọ́n ń fì níbẹ̀ bí yẹtí. Mo so kọ́kọ́rọ́ tèmi mọ́ etí ìró mi.

Ó mú tẹ́sítà, ọ̀pá kékeré kan tó máa ń tan pupa bí iná bá wà nínú wáyà. Kó tó lò ó nílé wa, ó kọ́kọ́ lọ dán an wò lára iná ilé kejì. Ó tan. Ó ní tẹ́sítà tó ti kú á máa sọ fún ọ pé gbogbo wáyà ló ti kú. Ìyẹn yé mi. Ó padà wá dán tiwa wò. Kò tan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wáyà tí wọ́n tú jáde dúdú, ara rẹ̀ ń rún bí ewé gbígbẹ. Abẹ́ nǹkan yẹn là ń sùn.

Wọ́n lọ jẹun ọ̀sán. Wọ́n padà. Ọmọ mi ní àwọn á tún dán an wò. Mo-ti-ṣe-é-rí ní, "Kí la tún ń dán wò? Àgádágodo mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àbí òkú máa ń jí ni?" Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án." Mo-ti-ṣe-é-rí ti na ọwọ́. Tẹ́sítà ọmọ mi kan wáyà. Ó pọ́n yòò.

Mi ò dúró gbọ́ àlàyé. Mo fi ọ̀pá igi tí mo fi ń rìn gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó kígbe. Kó kígbe dáadáa. Òkú kì í kígbe.

Gbogbo wa wo súwíìṣì àgbà. Àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, kò pariwo. Ó ní kí gbogbo èèyàn jáde, iṣẹ́ tán lónìí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Nílé tí kò níná, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń kùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn télọ̀. Ó ti fa wáyà gba ojú fèrèsé láti ilé kejì, tipẹ́tipẹ́. Bí iná wa bá lọ, tiwọn máa ń wà, á sì ki wáyà náà bọ ihò iná tó wà lára ògiri rẹ̀. Ó máa ń yọ fíúsì yàrá rẹ̀ ná, kí iná náà má baà kọjá sí yàrá àwọn ẹlòmíì. Lónìí, ọmọ mi ti tú àpótí fíúsì sílẹ̀, ojú ti télọ̀ láti wá yọ nǹkan kan níbẹ̀, kí àṣírí wáyà rẹ̀ má baà tú. Ìgbà tí wọ́n lọ jẹun, ó ki wáyà náà bọ ihò rẹ̀ láìyọ fíúsì. Iná gba inú ògiri, ó lọ dúró de àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, mi ò mọ̀ pé ó máa dé ọ̀dọ̀ wọn." Mo ní kó dìde, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń di ọwọ́ mú lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òkùnkùn. Olómi tútù ní omi òun ti di èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ní ṣé torí wáyà kan la ṣe máa wà báyìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí Mo-ti-ṣe-é-rí kúkú wá parí ẹ̀. Mo-ti-ṣe-é-rí gbé ọwọ́ tó wú sókè. Ó ní irú èyí, òun ò ṣe é rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọmọ mi tún ètò rẹ̀ ṣe. Èmi àti òun wọ yàrá dé yàrá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn fèrèsé. A tún rí wáyà kan bíi ti télọ̀. Ti Olómi tútù ni. Kò sọ̀rọ̀ omi gbígbóná mọ́.

Ọmọ mi lọ bá onílé kejì. Wọ́n pa iná tiwọn náà, ó tì í pa, ó dán an wò, ó gé wáyà méjèèjì kúrò láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ tọ̀ pàápàá, wọ́n á tún dán an wò kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo-ti-ṣe-é-rí ló ń béèrè báyìí: "Ṣé a ti dán an wò?" Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wáyà tuntun ti wọ ògiri. Mo gbé ìjókòó mi sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọmọ mi tún yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó kó wa jáde, ó ní kí oní-kọ́kọ́rọ́ máa bọ̀. Mo-ti-ṣe-é-rí ṣí tirẹ̀. Mo ṣí tèmi. Ọmọ mi ló ṣí kẹ́yìn. Ó fa súwíìṣì sókè.

Iná dé. Kò jẹ́ ká tan nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá kan lẹ́yìn òmíì. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀rọ ilé ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tutù. Gbogbo wa wà láàyè, pẹ̀lú télọ̀.

Onílé kejì wá. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun wo ilé tòun náà. Mo-ti-ṣe-é-rí ló ń bá sọ̀rọ̀, torí òun ni ọkùnrin tó rí. Mo-ti-ṣe-é-rí ní, "Ẹ bá ọ̀gá mi sọ ọ́." Ó nawọ́ sí ọmọ mi.

Ọmọ mi ní òun á wá lọ́jọ́ Ajé. Òun kàn máa wò ó ni, òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo pọn omi kún garawa, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀ fún un. Láti kékeré, òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún mi. Ó sáré tẹ̀ lé mi. "Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó wọlé lọ wẹ̀, ó ń rùn bí òbúkọ.