Ọkọ Mi Rò Pé Ìyá Rẹ̀ Ń Fi Ọmọ Wa Sílẹ̀, Wáyà Eyín Sì Ni

Ọkọ mi gbà pé ọmọ wa fẹ́ kú. Kò sí àìsàn kankan lára ọmọ náà. Èmi mọ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀, dókítà eyín mọ̀... ọkọ mi nìkan ni kò mọ̀, èmi ni mi ò sì jẹ́ kó mọ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, kódà nínú ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, etí ni mo máa ń fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, mi ò rí i gbé mì, mi ò sì rí i pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bú mi.

Àràdàgún ni à ń gbé. Telọ ni mí, aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán jù. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá, ọkọ mi ni ọmọ ilẹ̀, Àwórì ni wọ́n. Sèmè ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń bá àwọn oníṣòwò yanjú ẹrù wọn lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ọ̀hún ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Saturday ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, a sì pẹ́ ká tó rí i. Oyún rẹ̀ wà nínú mi nígbà tí ìyá ọkọ mi kú. Bí mo ṣe wá bí obìnrin, kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ tí mo fẹ́, Yétúndé ti dúró dè é. Mo lè dárúkọ yẹn níbí torí kò sí àdúgbò tí kò ní Yétúndé tirẹ̀. Ọkọ mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, Sèmè ló wà, nígbà tó fi máa dé wọ́n ti gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún títí dòní nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ yìí lé e lọ́wọ́ ló ti ń pè é ní Ìyá mi. Tó bá ti Sèmè dé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, á ní Ìyá mi, ẹ kú ilé, ṣé ẹ ò ní nà mí lónìí, mo pẹ́ níta o. Ọmọ á gbá a lójú, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Eré la fi í ṣe nígbà yẹn.

Ìgbà tí Yétúndé pààrọ̀ eyín ni ọ̀rọ̀ yí padà. Eyín tuntun tó hù kò tò. Tòkè wọ inú, tìsàlẹ̀ yọ síta bo tòkè, àgbọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣíwájú. Ìyá ọkọ mi ní irú àgbọ̀n yẹn. Fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ wa, wọ́n jókòó, wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n wọn ló kọ́kọ́ wọ inú fọ́tò náà kí àwọn fúnra wọn tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i lára ọmọ. Ìyá Àjàṣẹ́ là ń pè wọ́n, torí Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bodè Sèmè, ni wọ́n lọ́kọ sí. Wọ́n wá kí wa, wọ́n di ọmọ lágbọ̀n mú, ni wọ́n bá bú sẹ́kún, wọ́n ń da Ègùn mọ́ Yorùbá, wọ́n ní ìyá àwọn rèé, pé orúkọ ló kọ́kọ́ dé, ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a. Láti ọjọ́ yẹn ni eré ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi kì í fìyà jẹ ọmọ náà. Tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ńlá kan, á kọ́kọ́ lọ jókòó tì í, á sọ fún un, á sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ọmọ mi ni, ìyá ọkọ mi sì tún ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé àgbọ̀n yẹn kiri ńkọ́? Kò lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì, eyín ẹ̀gbẹ́ ló fi ń fà á ya. Ní ilé ìwé, Ṣọ́bìrì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní Ṣọ́bìrì, àwọn bíríkìlà ń wá ẹ o, wá bá wọn kó yanrìn. Ó wá mọ́ ọn lára láti máa fi ọwọ́ bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún bàbá rẹ̀ rí. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé ojú ìyá yín ni wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́?

Ọdún tó kọjá ni eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan lójú ọ̀nà Ìjànikin. Obìnrin ni, ó ní sùúrù. Ó ní kí Yétúndé rọra pa ẹnu dé, kó má kánjú, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Eyín iwájú tòkè àti tìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ forí sọ ara wọn, lẹ́yìn náà ni ọmọ á wá ti àgbọ̀n síwájú kí àwọn eyín tó kù lè ráyè pàdé. Dókítà ní eegun àgbọ̀n rẹ̀ ò gùn tó bí a ṣe rò, pé eyín ló ń lé e síta, tí wáyà bá ti gbé eyín òkè síwájú, àgbọ̀n á padà sí àyè tó yẹ kó wà. Mo bi í pé ṣé ojú rẹ̀ máa yàtọ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fi wáyà ni ojú rẹ̀ ń yàtọ̀, ẹlòmíì wà tí eegun rẹ̀ gan-an ló gùn tí wáyà nìkan ò lè ṣe nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí máa yàtọ̀, pàápàá téèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ètè òkè á kún, ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n á wọlé. Ó ní kí n bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n fẹ́ fi wáyà to eyín. Ó bi mí pé ṣé eyín nìkan ni. Mo ní eyín nìkan ni. Ó ní ó dáa, pé ìyá òun náà ì bá fẹ́ eyín tó tò, wọ́n fẹ́ràn oge... Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gbólóhùn kan péré, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò gbọ́ ọ létí ara mi láti ìgbà náà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, dókítà lẹ nǹkan aláwọ̀ búlúù mọ́ orí àwọn eyín ẹ̀yìn kí ẹnu má lè pa dé tán, kí eyín òkè lè ráyè fo tìsàlẹ̀ kọjá. Kò lè rún oúnjẹ. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ló ń jẹ, ó sì rù, mo bá fún aṣọ ilé ìwé rẹ̀ wọlé kí rírù náà má baà hàn. Nígbà tó yá eyín òkè fò ó kọjá, wọ́n yọ nǹkan búlúù náà, ẹnu pa dé, àgbọ̀n sì wọlé. Yétúndé dúró níwájú dígí tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo aṣọ, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó rẹ́rìn-ín, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ òótọ́. Èmi ni mo rí nínú dígí yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, wọ́n máa ń sọ pé kò sí nǹkan mi kankan lára rẹ̀, pé mo kàn bá wọn gbé e wá ni. Ó jọ mí. Inú mi dùn, inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ.

Ní Saturday, ọkọ mi wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí ló ṣe ọmọ yìí? Mo ní oúnjẹ ni kò jẹ dáadáa nítorí wáyà. Ó mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, àyẹ̀wò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra wàrà agolo àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ kún báàgì wá. Ó ní kí ọmọ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá rẹ̀ lára ògiri, ó ń wò ó, ó ń wò ó... Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ìyá òun ti fẹ́ padà. Pé nígbà tí àìsàn ìkẹyìn mú wọn, bí ojú wọn ṣe wọlé náà nìyẹn, tí àgbọ̀n wọn sá sínú, pé ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó lọ, tí wọ́n bá kó o tán, wọ́n á mú ọmọ náà dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ń sọ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Mo la ẹnu, ohun tí mo sọ ni pé Ọlọ́run ò ní jẹ́.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló mú mi wá sórí page yìí. Mo sọ fún Yétúndé pé kó máa ti àgbọ̀n rẹ̀ síwájú tí bàbá rẹ̀ bá wà nílé. Saturday àti Sunday nìkan, mo ní kí àwa méjèèjì fara dà á, títí ojú tuntun náà á fi mọ́ bàbá rẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀. A jọ kọ́ ọ níwájú dígí kan náà yẹn. Mo ń sọ fún un pé kó tì í díẹ̀ sí i, ó pọ̀ jù, dá a padà díẹ̀, bí ìgbà tí mò ń wọn aṣọ. Saturday àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ rí i, ó mí kanlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní Ìyá mi, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ẹ má bá mi ṣeré bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ọmọ ò lè tì í síta látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá ń sọ̀rọ̀ á gbàgbé, àgbọ̀n á wọlé, bàbá rẹ̀ á rí i pé ó wọlé, á rí i pé ó tún jáde, ẹ̀rù á tún wá bà á sí i, ó ní wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìdí etí ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Tó bá la ẹnu, ó ń dún kẹ̀rẹ̀, orí ń fọ́ ọ, kò lè jẹ ẹran. Bàbá rẹ̀ rí i tó di etí mú, tó ń sunkún, ó ní ẹ ò rí i? Mo mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fọwọ́ tẹ ìdí etí rẹ̀, ó ní kí ló dé tí ọmọ yìí ń ti àgbọ̀n síwájú nígbà tí a ti tún un ṣe? Mo ń tún kọ́là aṣọ ọmọ ṣe. Ó ní tí kò bá jáwọ́, oríkèé àgbọ̀n rẹ̀ á bàjẹ́. Mo bi í, bíi pé mo kàn ń béèrè, pé tí a bá yọ wáyà báyìí ńkọ́? Ó ní eyín ò tíì dúró, wọ́n á padà, wọ́n sì lè padà síbi tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí eyín kan ò ní bá èkejì pàdé mọ́.

Ibi tí mo wà rèé. Tí mo bá sọ òótọ́, mo mọ ọkọ mi, wáyà yẹn á kúrò lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó sì tún máa gbọ́ ohun tó ju wáyà lọ, ó máa gbọ́ pé ojú ìyá tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, eyín tí kò tò ni. Mo ti rò ó pé kí n rán an létí pé a sọ ọmọ yìí ní Yétúndé kí eyín kankan tó hù lẹ́nu rẹ̀, pé tí ìyá rẹ̀ bá wá, wọn ò gba ẹnu wá. Ṣé ó máa gbọ́? Àbí á ní èmi ará Ìjẹ̀bú ló lé ìyá òun lọ kí ọmọ lè jọ mí? Ṣé irọ́ pátápátá sì ni, nígbà tí mo mọ bí inú mi ṣe dùn tó níwájú dígí?

Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ọkọ mi ti gba àyè ní ilé àdúrà kan létí òkun. Ọjọ́ Monday ni wọ́n á mú ọmọ lọ, ọjọ́ méje, ààwẹ̀ gbígbẹ, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á tó fún un ní omi. Ọmọ tó ti rù tẹ́lẹ̀, tí kò lè rún nǹkan. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí. Ó ti ní kí Ìyá Àjàṣẹ́ wá, kí wọ́n fojú ara wọn wò ó kí wọ́n tó lọ, Sunday ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ló di ọmọ yìí lágbọ̀n mú, àwọn ló mọ àgbọ̀n yẹn jù. Mo tún rò ó pé kí n gbé ọmọ mi sá lọ sí Ìjẹ̀bú. Kí n wá sọ pé kí ni mò ń sá fún?

Ọkọ mi ò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sí comment pé ó ya wèrè. Lánàá ó pè mí lórí fóònù láti Sèmè, ó ní kí n gbé e fún Yétúndé, kò pè é ní Ìyá mi, ó ní Yétúndé, má lọ o, jọ̀ọ́, má tẹ̀ lé wọn lọ. Ọmọ mi gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní Mọ́mì, tí Ìyá Àjàṣẹ́ bá dé ní Sunday, ojú wo ni kí n gbé pàdé wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, kí ni kí n sọ fún un?